Òdòdó Inú Ọgbà Tó Di Ìdènà Lórí Omi Ìlàjẹ

Oṣù kẹsàn-án ọdún 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i lórí omi Àgbádárìgì. Ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, ìdí ewé kọ̀ọ̀kan wú, afẹ́fẹ́ sì kún inú rẹ̀. Òdòdó rẹ̀ elésè-àlùkò yọ orí sókè láàárín ewé, pẹ̀lú àmì yẹ́lò kan tó rí bí ojú ìyẹ́ ọ̀kín. Omi ló gbé e wọlé láti ìhà Àjàṣẹ́ ní Olómìnira Benin. Láàárín ọdún díẹ̀, ó ti gba Èkó, ó ti gba Ẹ̀pẹ́, ó ti la ọ̀sà Lẹ́kí kọjá, ó sì ti tẹ́ ara rẹ̀ sórí omi Ìlàjẹ ní etíkun ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Eichhornia crassipes ni àwọn onímọ̀ ewéko sọ ọ́, Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní water hyacinth, ọ̀pọ̀ Yorùbá sì ń pè é ní gbéborùn. Ìtàn bó ṣe dé Ìlàjẹ ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́ kó tó kan Àgbádárìgì. Inú adágún kéékèèké tí àwọn olówó gbẹ́ sínú ọgbà wọn fún ẹwà ló ti bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú, ní ilẹ̀ tó jìnnà réré sí Ìlàjẹ. Ó yẹ kí a sọ ọ́ láti ìdí rẹ̀ wá, torí pé àwọn tó gbìn ín fún fàájì kọ́ ló san gbèsè rẹ̀.

Ẹni tó bá mọ Ìlàjẹ mọ̀ pé kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi máa gbẹ́ adágún sí àyíká ilé níbẹ̀. Omi ni ojú ọ̀nà, omi ni ọjà, omi ni oko. Ùgbò, Màhìn, Ẹ̀tíkàn àti Ahẹ́rì, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ abúlé tí wọ́n kọ́ ilé wọn lé orí òpó láàárín omi àti ẹrẹ̀, ni ìjọba kó pọ̀ nígbà tó dá ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ sílẹ̀ ní 1996, tó sì fi Igbókòdá ṣe olú-ìlú rẹ̀. Etí òkun gan-an ni Ayétòrò wà, ìlú tí àwọn onígbàgbọ́ tí wọ́n pe ara wọn ní Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947. Ọmọ iléèwé ń wọ ọkọ̀ kó tó dé kíláàsì, aboyún tó ń rọbí ń wọ ọkọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì. Lọ́jọ́ ọjà Igbókòdá, ọkọ̀ á kún etí omi, àwọn obìnrin á máa sọ ẹrù ẹja gbígbẹ, edé àti ẹní kalẹ̀.

Láti Àgbádárìgì, kí èèyàn gba Èkó, kó gba Ẹ̀pẹ́, kó dé Igbókòdá, kó sì máa bá a lọ sí ọ̀nà Wàrì, omi kan náà ni: ọ̀sà, odò, àti àwọn ipa omi tóóró tó so wọ́n pọ̀. Ojú ọ̀nà òwò ni láti ayé àwọn baba ńlá. Òun ni àwọn apẹja Ìlàjẹ gbà tan ká dé Mákòkó àti Bàrígà ní Èkó. Òun náà ni gbéborùn gbà wá bá wọn nílé.

Ewéko orí omi kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ojúoró àti òṣíbàtà ti wà lórí omi wa kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ Amẹ́ríkà. Wọ́n wà nínú Ifá, wọ́n wà nínú àdúrà, wọ́n sì wà nínú àgbo. Fún apẹja, aládùúgbò ni wọ́n. Ẹja ń sá pamọ́ sábẹ́ wọn, apẹja sì mọ ibi tó yẹ kó dẹ ìgèrè sí. Ojúoró náà máa ń pọ̀ lápọ̀jù nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n àwọn kòkòrò tó ń jẹ ẹ́ wà nítòsí. Gbéborùn kò ní ọ̀tá kankan nígbà tó dé. Gbogbo ohun tó ń jẹ ewé rẹ̀, tó ń lu igi rẹ̀, tó ń bá a du àyè, ló ti fi sílẹ̀ ní ilé.

Ilé rẹ̀ ni agbègbè odò Amazon ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Carl Friedrich Philipp von Martius, onímọ̀ ewéko ọmọ Jámánì, ló kọ nípa rẹ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní àwọn ọdún 1820. Ní 1843, wọ́n fi orúkọ Johann Albrecht Friedrich Eichhorn, mínísítà kan ní Prussia, sọ ẹ̀yà rẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn ọgbà ńlá ti ń wá a kiri. Kò béèrè ilẹ̀, kò béèrè ajílẹ̀. Ẹni tó bá jù ú sínú omi ti gbìn ín nìyẹn.

Nígbà tí 1884 ń parí lọ, wọ́n ṣe ìpàtẹ òwò àgbáyé kan tó dá lórí òwú ní New Orleans. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi gbéborùn ta àwọn àlejò lọ́rẹ. Bó ṣe wù kó rí, kí ọdún mẹ́wàá tó pé, ewéko náà ti wà nínú àwọn odò Louisiana àti Florida. A mọ bí ti Florida ṣe ṣẹlẹ̀. Ní nǹkan bí 1890, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Fuller, tó ń gbé létí odò St. Johns, rí i pé gbéborùn ti kún adágún òun ní àkúnwọ́sílẹ̀. Ó kó èyí tó pọ̀ jù, ó dà á sódò. Inú àwọn aládùúgbò rẹ̀ dùn sí òdòdó tó ń tàn létí omi wọn. Kò pé ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà tí ọkọ̀ ojú omi ń há sáàárín rẹ̀, tí àwọn agégẹdú kò ráyè fi odò gbé igi mọ́. Ìjọba Amẹ́ríkà rán onímọ̀ H. J. Webber lọ wádìí ọ̀rọ̀ náà, ìròyìn rẹ̀ sì jáde ní 1897. Ní 1899, ilé aṣòfin wọn pàṣẹ fún àwọn ẹ̀ńjínníà ológun pé kí wọ́n máa kó ewéko náà kúrò lójú omi. Títí di òní ni wọ́n ṣì ń ṣe iṣẹ́ náà.

Ní 1910, aṣòfin Robert Broussard láti Louisiana gbé àbá kan wá sílé ìgbìmọ̀: kí ìjọba yọ 250,000 dọ́là, kí wọ́n fi kó àwọn ẹranko wọlé láti ilẹ̀ òkèèrè, pàápàá erinmi ilẹ̀ Áfíríkà, kí wọ́n sì dà wọ́n sínú omi Louisiana. Erinmi á jẹ gbéborùn, àwọn ará ìlú á jẹ ẹran erinmi, torí pé ẹran màlúù wọ́n lọ́jà nígbà náà. Ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn gbè é lẹ́yìn. Àbá náà kò di òfin, ṣùgbọ́n ó fi bí ọ̀rọ̀ náà ṣe le tó hàn. Orílẹ̀-èdè tó ní owó, tó ní ẹ̀rọ, tó ní ẹ̀ńjínníà ológun, ti ń ronú erinmi. Apẹja Ìlàjẹ tí yóò kojú ewéko kan náà ní ọdún 75 lẹ́yìn náà, àdá àti àjẹ̀ ló ní.

Báyìí náà ló ṣe rìn káàkiri ayé. Ọgbà ìwádìí ewéko ní Bogor, ní erékùṣù Java, gbà á ní 1894. Íjíbítì ti ní tirẹ̀ kí ọ̀rúndún náà tó parí. Ní Bengal, ó ba oko ìrẹsì jẹ́ débi pé wọ́n ṣe òfin lé e lórí ní 1936. Ó dé odò Kóńgò ní àwọn ọdún 1950, ó dé odò Náílì Funfun ní Sudan ní 1958, ó sì dé adágún Victoria nígbà tí àwọn ọdún 1980 ń parí lọ. Ní ọ̀pọ̀ ibi wọ̀nyí, ẹwà ni wọ́n fi gbà á wọlé.

Àwọn olùtọ́jú ọgbà ní Yúróòpù mọ̀ pé ewéko inú omi lè sá mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Wọ́n fẹ́ràn láti gbin Equisetum, ewéko tí igi rẹ̀ dúró ṣánṣán, tó ní oríkèé-oríkèé bí ìrèké, sí etí adágún àti ibi tó bá tutù nínú ọgbà. Ẹni tó gbọ́n nínú wọn kì í gbìn ín sí ilẹ̀ lásán. Inú ìkòkò tí kò ní ihò nídìí ló ń fi í sí, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ máa ń rìn lábẹ́ ilẹ̀ lọ jìnnà, tí èèyàn bá sì fà á tu, ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù á tún hù. Irú ìṣọ́ra bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó ṣe lórí gbéborùn. Kò ṣeé fi sínú ìkòkò, torí kò di ohunkóhun mú. Gbòǹgbò rẹ̀ wà nínú omi lásán, ibi tí omi bá lọ ló ń bá a lọ.

Bó ṣe ń bí síi ló yani lẹ́nu jù. Igi kan á na ọwọ́ kan jáde lórí omi, orí ọwọ́ náà á di ọmọ, ọmọ náà á tún na ọwọ́ tirẹ̀. Níbi tí omi bá gbóná tí ìdọ̀tí ìlú sì ń bọ́ ọ, ó lè sọ ara rẹ̀ di ìlọ́po méjì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Tí òdòdó rẹ̀ bá rọ, irúgbìn á rì sínú ẹrẹ̀, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ọdún 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó hù. Kò síbi tó dára fún un tó àwọn ọ̀sà wa, tí ìdọ̀tí ìlú ń ṣàn sí, tí oòrùn sì ń mú láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin.

Ohun kan ṣoṣo ló ń dá a dúró ní etíkun yìí: iyọ̀. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí odò bá fà, omi òkun á rọra wọ inú ọ̀sà àti ipa omi. Ewé gbéborùn á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n láti etí, á rọ, á sì jẹrà. Tí òjò bá dé, omi aládùn á ti omi iyọ̀ padà, odò Olúwa àti àwọn odò mìíràn tó ń bọ̀ láti òkè á sì gbé tuntun wá. Nítorí náà, ìyà gbéborùn ní Ìlàjẹ ní àsìkò, bí òjò ṣe ní àsìkò.

Àsìkò òjò náà ni omi kún, tí ó yẹ kí ọkọ̀ máa rìn geere. Gbéborùn á hun ara rẹ̀ pọ̀ lórí omi débi pé ẹyẹ lè rìn lórí rẹ̀. Ẹni tó ń fi àjẹ̀ wakọ̀ á máa ti ọkọ̀ ní ìṣísẹ̀-ìṣísẹ̀. Ẹni tó ní ẹ́ńjìnnì á pa á, á gbé e sókè, á sì fi ọwọ́ tú okùn ewéko tó wé mọ́ ọn. Àwọ̀n tí apẹja dẹ lálẹ́ lè bá ewéko náà lọ kí ilẹ̀ tó mọ́, ìgèrè á sì sọnù sábẹ́ rẹ̀. Oòrùn kò ráyè wọ inú omi mọ́, afẹ́fẹ́ inú omi á dín kù, ẹ̀pìyà àti ọ̀bọ̀kún á wá ibòmíràn lọ. Ejò àti ìgbín omi á fi í ṣe ilé, àwọn ìgbín kan nínú wọn ló sì ń gbé àrùn àtọ̀sí ajá kiri. Kì í ṣe ìṣòro apẹja nìkan: ọmọ tó pẹ́ dé iléèwé, aláìsàn tó pẹ́ dé ilé ìwòsàn, àti alájàpá tí ẹja rẹ̀ rà sínú ọkọ̀ kó tó dé Igbókòdá, gbogbo wọn ló pín nínú rẹ̀.

Kí ni ìjọba ṣe? Ó pe ìpàdé. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1988, àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ péjọ sí Èkó fún àpérò àgbáyé kan lórí ewéko náà, wọ́n sì wò ó gẹ́gẹ́ bí ewu àti gẹ́gẹ́ bí ohun èlò. Ìpàdé náà wúlò. Ibẹ̀ ni ìmọ̀ nípa rẹ̀ ní Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sójú kan. Ní 1999, T. A. Farri àti R. A. Boroffice tẹ àyẹ̀wò kan jáde lórí ipò tí gbéborùn wà ní Nàìjíríà àti bí wọ́n ṣe ń kojú rẹ̀. Ọmọ Ọ̀kà Àkókó ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ni Boroffice, òun náà ló wá di ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́ fún àjọ NASRDA, àjọ tó ń rí sí ìmọ̀ ojú òfurufú, kó tó di sẹ́nétọ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà nílẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ọwọ́ àti àdá. Ó ṣiṣẹ́ ní èbúté àti ní ipa omi tóóró, ṣùgbọ́n ó ń gba agbára. Èkejì ni ẹ̀rọ ńlá tó ń gé e tó ń kó o, èyí tí àjọ NIWA tó ń bójú tó ọ̀nà omi, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1997 pẹ̀lú olú iléeṣẹ́ ní Lọ́kọ́ja, ń lò. Ẹ̀rọ náà wọ́n, epo rẹ̀ wọ́n, tó bá sì bàjẹ́, gbéborùn kì í dúró dè é. Ẹ̀kẹta ni oògùn tó ń pa èpò. Níbi tí omi tí wọ́n máa fín sí jẹ́ omi tí ìyá fi ń se ọbẹ̀, tí bàbá fi ń pẹja, tí ọmọ fi ń wẹ̀, ó ṣòro kí ọlọ́kàn rere gbà á níyànjú.

Ọ̀nà tó mú èso wá jù lọ ti ìhà ibi tí gbéborùn ti wá sọ́dọ̀ wa wá. Orí òpó ni àwọn ará Ganvié àti So-Ava, ní ìhà adágún Nokoué àti àfonífojì odò Ouémé ní Benin, ń gbé bí àwọn ará Ìlàjẹ. Ẹja ni wọ́n ń pa, ọkọ̀ ni wọ́n ń wọ̀. Wọ́n ti rí gbéborùn ṣáájú wa, ní ìparí àwọn ọdún 1970. Àwọn onímọ̀ àjọ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA, tí olú iléeṣẹ́ wọn wà ní Ìbàdàn tí ẹ̀ka wọn tó ń fi kòkòrò bá kòkòrò àti èpò jà sì wà ní Calavi nítòsí Kútọnù, mú ọ̀tá gbéborùn tó ti orírun rẹ̀ wá wọlé. Kòkòrò kékeré méjì ni, Neochetina eichhorniae àti Neochetina bruchi, tí ẹnu wọn gùn. Àgbà wọn ń họ ewé jẹ. Ọmọ wọn ń lu inú igi rẹ̀ títí omi fi wọ ọ́ tó sì rì. Wọ́n kì í jẹ irè oko. Ní 1991, wọ́n tú èkínní sílẹ̀ sórí omi Benin, èkejì tẹ̀lé e.

Kòkòrò kì í kánjú. Ọdún mẹ́jọ kọjá kí àbájáde tó hàn gbangba: ní Tévèdji ní Benin, gbéborùn tó ti bo gbogbo ojú omi tẹ́lẹ̀ dín kù sí nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ní 2003, Hugo De Groote àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìṣirò ohun tí ọ̀rọ̀ náà ná àwọn ará ibẹ̀ jáde. Lára nǹkan bí 200,000 èèyàn tí ọ̀rọ̀ náà kàn, owó tó ń wọlé lọ́dọọdún dín ní mílíọ̀nù 84 dọ́là nígbà tí gbéborùn pọ̀ jù. Iṣẹ́ kòkòrò náà dá mílíọ̀nù 30.5 padà fún wọn lọ́dún. Gbogbo ohun tí wọ́n ná lé kòkòrò náà lórí kò ju nǹkan bí mílíọ̀nù méjì dọ́là lọ. Ó ṣòro láti rí owó ìlú tí wọ́n ná tó sì so èso bí èyí.

Wọ́n tú irú kòkòrò yìí sílẹ̀ ní Nàìjíríà náà ní àwọn ọdún 1990. Ṣùgbọ́n kòkòrò yìí nílò ilé tó dúró. Níbi tí iyọ̀ bá ti ń pa gbéborùn lọ́dọọdún, tí ìṣàn omi sì ń gbá a lọ sókun, kòkòrò ń kú pẹ̀lú rẹ̀, ewéko tuntun tó bá dé pẹ̀lú òjò á sì bá ojú omi láìsí ọ̀tá. Iyọ̀ tó ń ran Ìlàjẹ lọ́wọ́ fún oṣù díẹ̀ ló tún ń gba ohun ìjà náà lọ́wọ́ wọn.

Àwọn kan ti ní kí a lò ó. Achenyo Idachaba, tó ti ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà kó tó padà sílé, rí gbéborùn tó dí omi pa, ó sì dá iléeṣẹ́ MitiMeth sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń hun okùn lọ́dọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ kan ní Sábó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ará etí omi bí wọ́n ṣe lè gbẹ igi gbéborùn, kí wọ́n fi hun apẹ̀rẹ̀, àga àti ohun èlò tábìlì. Ní 2014, ó gba ẹ̀bùn Cartier fún àwọn obìnrin oníṣòwò. Ọ̀nà yìí bá Ìlàjẹ mu, torí pé ẹní híhun jẹ́ iṣẹ́ àwọn obìnrin ibẹ̀ láti ìran dé ìran, ọwọ́ wọn sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń yan igi ewéko, tí wọ́n ń sá a, tí wọ́n ń lò ó.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ pé híhun nìkan á gba omi sílẹ̀ kò tíì gbé gbéborùn rí. Omi ni nǹkan bí ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún ara rẹ̀. Ẹrù ọkọ̀ kan tó kún bámúbámú, tí oòrùn bá ti lù ú, á di ìdì tí obìnrin kan lè gbé lórí. Ìrànwọ́ owó nìyẹn fún ilé kan, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ohun tó lè rọ́pò iṣẹ́ ìjọba.

Ní ìhà àwọn tó ń gbìn ín fún ẹwà, oṣù kẹjọ ọdún 2016 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣẹ̀ṣẹ̀ fi gbéborùn sára àwọn ewéko tí wọ́n kà léèwọ̀ láti tà, láti gbìn tàbí láti kó wọlé. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún nígbà náà tó ti dé Àgbádárìgì.

Ní etíkun Ìlàjẹ, nǹkan mìíràn ti ń ṣẹlẹ̀ láàárín àkókò yìí. Òkun ń jẹ ilẹ̀, ó ti gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ ní Ayétòrò; àwọn ipa omi tí wọ́n gbẹ́ nítorí epo rọ̀bì sì ti jẹ́ kí omi iyọ̀ wọ ibi tí kì í dé tẹ́lẹ̀. Níbi tí iyọ̀ bá gbà pátápátá, gbéborùn á kúrò, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹja omi aládùn, igi ẹrẹ̀ àti omi mímu á bá a lọ. Kò sẹ́ni tó lè pè é ní ìwòsàn.

Ohun tó ṣeé ṣe kò tíì di àwátì. Tí wọ́n bá kó gbéborùn kúrò ní èbúté Igbókòdá nígbà tí òjò ti dé, òjò tó tẹ̀lé e á gbé òmíràn wá láti òkè odò. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló yẹ kí iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀, nígbà tí iyọ̀ ti lé e padà sí àwọn kọ̀rọ̀ omi aládùn díẹ̀ lókè, tí ó kéré níye, tí apẹja sì mọ ibi tó wà. Ibẹ̀ ni kí wọ́n ti kó o, ibẹ̀ náà, níbi tí iyọ̀ kì í dé, ni kí wọ́n ti máa tọ́ kòkòrò Neochetina, kí ewéko tí òjò bá máa gbé wá ti ní ọ̀tá nínú kó tó dé ìsàlẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí owó rẹ̀ má tó owó ẹ̀rọ kan.